Ẹ bá mi wò ó: báwo ni mo ṣe lè mọ ojúlówó kánfáàsì yàtọ̀ sí ayédèrú kí n tó sanwó?

Mopélọ́lá kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àbúrò mi ọkùnrin ti ń bẹ̀ mí pé kí n ra Nike Dunk Low aláwọ̀ dúdú àti funfun fún òun, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Panda. Mo ti ṣèlérí fún un, mo sì fẹ́ mú un ṣẹ. Mo wá rí ẹnì kan lórí Instagram tó ń tà á. Iye tó pè é fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí iye tí Nike fúnra wọn ń tà á, kò rẹlẹ̀ débi tí èèyàn á kàn fura lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́: ẹ̀gbẹ́ kan, òkè, àti páálí tí wọ́n dé pa. Ó ní kò sí nọ́ńbà ẹsẹ̀ tí mo fẹ́ tí kò sí lọ́wọ́ òun. Ó ní rìsíìtì wà. Ó tún ní Air wà nínú ẹ̀, pé ara máa tu ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo béèrè ibi tó ti ń kó wọn, ó ní ilé iṣẹ́ kan náà tó ń ṣe é fún Nike ló ń ta àṣẹ́kù fún òun.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé owó gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ mi kí bàtà tó dé ọwọ́ mi. Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ń rí kà ló ń sọ pé kí n gbọ́ òórùn rẹ̀, kí n tẹ̀ ẹ́, kí n gbé e wò bóyá ó wúwo. Kò sí èyí tí mo lè ṣe níbẹ̀. Kí ni mo lè béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, kí sì ni mo lè wò nínú fọ́tò, tí ọ̀rọ̀ á fi yé mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dájú ni kó dá mi lóhùn.

Tájù kọ:

Ohun tí èmi máa ń wò kò pọ̀. Tí wọ́n bá kọ Made in China sí i, fèékì ni. Tí gúlù bá hàn níbi tí sóòlù ti pàdé awọ, fèékì ni. Tí kò bá ní páálí, fèékì ni. Ní kó ya ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ránṣẹ́ sí ẹ, kò tún sí wàhálà mọ́.

Oníṣẹ́ Bàtà kọ:

Mopélọ́lá, pẹ̀lẹ́ o. Tájù, má bínú sí mi, n kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ẹni tó bá tẹ̀ lé wọn lè kọ ojúlówó sílẹ̀ kó sì lọ gbé ayédèrú.

Iṣẹ́ àtúnṣe bàtà ni mò ń ṣe. Mo máa ń yọ sóòlù tó ti jẹ, mo máa ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, nítorí náà inú kánfáàsì ni mo máa ń rí ju ìta rẹ̀ lọ. Mo ti la ojúlówó, mo ti la ayédèrú, mo sì ti la àwọn tí ẹni tó ni wọ́n kò mọ èyí tí wọ́n jẹ́ títí mo fi là wọ́n. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú mọ gbogbo ohun tí a máa ń wò lókèèrè, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń náwó sí. Ibi tí ojú kò dé ni wọ́n ti ń fún owó pọ̀.

Ọ̀rọ̀ China ná. Nike kì í fọwọ́ ara rẹ̀ rán bàtà, àwọn ilé iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ló ń rán an. Nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde fún ọdún ìṣúná 2024, Vietnam ló ṣe nǹkan bí ìdajì bàtà tó ń jẹ́ orúkọ Nike, Indonesia ṣe 27%, China ṣe 18%. Ojúlówó tí wọ́n ṣe ní China pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ayédèrú tí wọ́n sì kọ Vietnam sí lára náà wà. Gbólóhùn tí wọ́n kàn tẹ̀ síbẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́.

Gúlù pẹ̀lú. Ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fi ń kun gúlù sára ọ̀pọ̀ kánfáàsì, ọwọ́ a sì máa fì. Mo ti rí bàtà tí oníbàárà mi rà nínú ṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ náà gan-an tí gúlù hàn lára rẹ̀ díẹ̀, mo sì ti rí ayédèrú tó mọ́ tónítóní. Bí gúlù bá yí bàtà méjèèjì po, tí sóòlù sì ti ń lanu kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́, ìyẹn ni kí o fura sí. Ní ti páálí, ẹni tó rán bàtà ayédèrú kò ní ṣàì ní ẹni tó ń bá a ṣe páálí rẹ̀.

Mopélọ́lá, má tún béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn bóyá ojúlówó ni, torí kò sí ẹni tó máa sọ pé ayédèrú lòun ń tà. Kóòdù bàtà náà ni kí o béèrè. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà ni Nike máa ń kọ́kọ́ kọ, wọ́n á fa ìlà kékeré kan, nọ́ńbà mẹ́ta á sì tẹ̀ lé e. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ń sọ irú bàtà tó jẹ́, mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ń sọ àwọ̀ rẹ̀. Panda ti ọkùnrin ni DD1391-100. Ti obìnrin ni DD1503-101. Ti àwọn ọmọ tó ti ń dàgbà ni CW1590-100. Bí o bá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ẹni tí kò mọ̀, ọ̀kan náà ni yóò pè wọ́n. Bí ó bá wá fi kóòdù obìnrin ránṣẹ́ sí ọ lára bàtà tó ní nọ́ńbà ẹsẹ̀ ọkùnrin, o ti rí ohun tí o ń wá. Tẹ kóòdù tó bá fún ọ sínú Google, kí o wo bàtà tó máa jáde. Bí ó bá gbé bàtà mìíràn jáde, tàbí Dunk kan náà pẹ̀lú àwọ̀ mìíràn, má wulẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ó bá sì tọ̀nà, ṣì máa bọ̀, nítorí kóòdù rọrùn láti dà kọ.

Lẹ́yìn kóòdù, fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì méjì ni kí o béèrè: èyí tó wà nínú bàtà àti èyí tó wà lára páálí. Kó sún mọ́ ọn débi tí lẹ́tà tó kéré jù á fi hàn. Kóòdù méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, nọ́ńbà ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ bára mu. Wá wo ibi tí wọ́n to ìwọ̀n oríṣiríṣi sí. Lára Nike ọkùnrin, US 9 ni UK 8, òun ni EUR 42.5, òun ni CM 27. US 10 ni UK 9, EUR 44, CM 28. adidas kì í ka tiwọn bẹ́ẹ̀: US 9 wọn ni UK 8½ àti 42⅔. Mo ti rí adidas tó jẹ́ pé ìwọ̀n Nike ni wọ́n tò sí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ẹni tó gbé e wá sì ti wọ̀ ọ́ títí gìgísẹ̀ fi jẹ kó tó mọ̀. Wo bí lẹ́tà ṣe rí pẹ̀lú. Ti ojúlówó máa ń tín-ín-rín, ó máa ń mọ́, àlàfo àárín wọn sì máa ń dọ́gba. Nínú àwọn ayédèrú tó ti kọjá lọ́wọ́ mi, lẹ́tà a máa ki jù, tàbí kí nọ́ńbà kan fara ti èkejì.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ìṣirò tún lè yẹ báàkóòdù páálí wò. Nọ́ńbà 12 ló máa ń wà lábẹ́ àwọn ìlà dúdú yẹn lára páálí Nike, èyí tó gbẹ̀yìn ló sì ń jẹ́rìí sí àwọn yòókù. Ká mú 036000291452 ṣe àpẹẹrẹ. Ro nọ́ńbà ipò kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, ìkeje, ìkẹsàn-án àti ìkọkànlá pọ̀, ó jẹ́ 14. Sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ó di 42. Ro ti ipò kejì, ìkẹrin, ìkẹfà, ìkẹjọ àti ìkẹwàá, ó jẹ́ 16. Àpapọ̀ rẹ̀ di 58, ó ku 2 kó pé 60, ìyẹn nọ́ńbà tó kàn tó parí sí 0, 2 yẹn gan-an ló sì wà nígbẹ̀yìn. Bí ti páálí tí wọ́n fi hàn ọ́ kò bá já síbi tó yẹ, ẹnì kan ló hùmọ̀ nọ́ńbà náà. Bí ó bá já síbẹ̀, ìyẹn kò tíì gbè é, nítorí ẹni tó bá ní páálí ojúlówó kan ṣoṣo lọ́wọ́ lè da nọ́ńbà rẹ̀ kọ sí ẹgbẹ̀rún páálí.

Ibi tí ọkàn mi wà jù lọ ni ìrísí. Igi kan wà tí wọ́n gbẹ́ bí ẹsẹ̀, ike ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí, òun ni wọ́n máa ń na awọ lé lórí kí wọ́n tó lẹ sóòlù mọ́ ọn. Irú bàtà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, nọ́ńbà ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú lè ra awọ tó jọ awọ, ó lè ra òwú tó jọ òwú, ṣùgbọ́n igi ẹsẹ̀ yẹn kì í sábà dọ́gba pẹ̀lú ti ilé iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí imú Dunk ayédèrú fi máa ń wú sókè bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn, nígbà tí ti ojúlówó máa ń rọra tẹ́ lọ sí iwájú. Ní kó gbé bàtà méjèèjì sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó ya wọ́n láti ẹ̀yìn, kí kámẹ́rà wà ní ìsàlẹ̀ níbi tí bàtà wà. Kó tún ya wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ bákan náà. Wá ṣí fọ́tò kóòdù náà lójú ìkànnì Nike sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wo gíga imú, wo ibi tí gìgísẹ̀ ti tẹ̀ wọlé, wo ibi tí àmì Nike bẹ̀rẹ̀ sí àti ibi tó parí sí. Wo ihò imú bàtà bóyá wọ́n tò gún. Wo NIKE tí wọ́n fi òwú ṣe sí ẹ̀yìn: gíga lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ bára mu. Òwú tíntìntín kan tó ta láti lẹ́tà kan sí èkejì kì í ṣe ẹ̀sùn, ojúlówó náà a máa ní in.

Bí tìmùtìmù inú bàtà bá ṣeé yọ láìya, ní kó yọ ọ́, kó ya abẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹtajà kò retí ìbéèrè yìí. Abẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti rán awọ òkè mọ́ aṣọ ìsàlẹ̀. Lára ojúlówó tí mo ti là, ìrán yẹn máa ń sún mọ́ra, ó sì máa ń lọ geerege yíká. Lára ọ̀pọ̀ ayédèrú, ó máa ń jìnnà síra, ó máa ń wọ́, nígbà mìíràn páálí lásán ni mo bá níbẹ̀ tí wọ́n da gúlù lé.

Ní ti Air tó ní ó wà nínú rẹ̀: kò sí àpò Air nínú Dunk Low yìí. Fóòmù ni wọ́n fi ṣe àárín rẹ̀. Air Force 1 ló ní Air ní gìgísẹ̀ láti ọdún 1982 tó ti jáde, Air Jordan 1 náà ní in. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn nìkan kò sọ bàtà rẹ̀ di ayédèrú, àmọ́ ó fi hàn pé kò mọ ohun tó ń tà.

Èyí tó bí mi nínú ni ìtàn àṣẹ́kù. Gbogbo ìgbà ni mò ń gbọ́ ọ, àwọn èèyàn rere ló sì ń fi mú. Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Fujian ní China tó ń jẹ́ Putian. Láti nǹkan bí ọdún 1980 sókè ni àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ti ń rán bàtà fún àwọn orúkọ ńlá ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tó yá, àwọn kan fi ọgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ayédèrú, títí orúkọ ìlú náà fi kàn káyé nídìí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn "ilé iṣẹ́ kan náà" ti ní ẹsẹ̀ tó fi ń rìn. Bàtà tí Nike kò bá tà tán, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀dínwó tiwọn ni wọ́n sábà ń kó o lọ, kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kan lórí Instagram tó ní gbogbo nọ́ńbà ẹsẹ̀ láìsí ìkankan tó tán. Ẹni tó ń tún ojúlówó tà, ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ méjì lọ́hùn-ún ló máa ń ní. Rìsíìtì tó sì ń ṣèlérí, ìwé ni. A máa tẹ ìwé.

Ohun ìkẹyìn tí mo fẹ́ kí o béèrè nìyí, kò sì ní ná an ní nǹkan kan: kó kọ orúkọ rẹ àti ọjọ́ òní sórí bébà, kó gbé bébà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ hàn, kó yà á. Ẹni tí bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ṣe é kí o tó mu omi tán.

Abọ́sẹ̀dé kọ:

Ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́ Bàtà, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi ti adidas kún un, torí òun ni mo máa ń wọ̀. Kóòdù tiwọn kúrú, mẹ́fà péré ni. Samba OG funfun ni B75806, dúdú ni B75807. Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì inú bàtà ọ̀tún àti ti òsì: nọ́ńbà gígùn kan wà níbẹ̀ tó yẹ kó yàtọ̀ láàárín méjèèjì. Bí nọ́ńbà yẹn bá jẹ́ ọ̀kan náà lẹ́sẹ̀ méjèèjì, wọ́n tẹ lébẹ́ẹ̀lì kan léraléra ni. Torí náà, ẹ má gba fọ́tò ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá ń ra èyí tó ní Boost, fóòmù tí adidas gbé jáde lọ́dún 2013 pẹ̀lú ilé iṣẹ́ BASF, kó mọ̀ pé hóró kéékèèké ni wọ́n fi ooru so pọ̀, èèyàn sì lè rí ojú hóró kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́, yóò wọlé, yóò sì padà síbi tó wà kíákíá. Ní kí ẹni tó ń tà á ya fídíò bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo ti rí èyí tó le gbandi, tí wọ́n kàn ya àwòrán hóró sí lára.

Lékan kọ:

Kí ló dé tí ẹ ń fi gbogbo èyí da ara yín láàmú? Ẹ rà á lórí ìkànnì tí wọ́n ti ń yẹ bàtà wò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Wọ́n lẹ́ni tó mọṣẹ́ níbẹ̀.

Oníṣẹ́ Bàtà kọ:

Lékan, ìmọ̀ràn rẹ dára, mo sì gbà pé ó sàn ju kéèyàn bá àjèjì dúnàádúrà lọ. eBay náà ti ń ṣe é láti ọdún 2020 fún kánfáàsì. Ṣùgbọ́n ojú èèyàn ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, ojú a sì máa tàn wọ́n jẹ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Nike sọ fún ilé ẹjọ́ ní New York pé àwọn ra bàtà lórí StockX, ọ̀kan lára irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, pé bàtà mẹ́rin nínú wọn, ẹsẹ̀ méjì-méjì, jẹ́ ayédèrú, bẹ́ẹ̀ StockX ti fọwọ́ sí wọn pé ojúlówó ni. Lọ́dún yẹn kan náà ni StockX yí ọ̀rọ̀ ara àmì wọn padà, wọ́n yọ "ojúlówó" kúrò, wọ́n fi "a ti yẹ̀ ẹ́ wò" sílẹ̀. Nítorí náà, rà á níbẹ̀ bí o bá fẹ́, kí o sì tún fi ojú ara rẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tó bá dé. Má yọ àmì tí wọ́n so mọ́ ọn kó tó dá ọ lójú, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà á padà bí àmì bá ti já.

Àwọn áàpù náà wà tí wọ́n ń gba fọ́tò, bíi CheckCheck àti Legit App. Wọ́n wúlò bí fọ́tò bá dára. Fọ́tò tí kò mọ́lẹ̀, kò sí ẹni tó lè fi mọ nǹkan kan.

Mopélọ́lá kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́ni. Mo ti béèrè gbogbo rẹ̀. Ó fi fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́: DD1391-100, US 9, UK 8, EUR 42.5, CM 27. Ti páálí bára mu pẹ̀lú. Inú mi ti ń dùn. Mo ní kó wá ya èyí tó ní bébà, kó sì ya ẹ̀yìn bàtà méjèèjì. Láti ìgbà yẹn ló ti ń sọ pé èèyàn mẹ́ta mìíràn ń dúró, pé bí n kò bá sanwó lónìí, yóò bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wá fi fọ́tò mẹ́ta tó kọ́kọ́ fún mi wá ibi tí wọ́n ti wá lórí Google, mo bá ọ̀kan nínú wọn lójú ìkànnì òǹtajà mìíràn pátápátá. Ilẹ̀ tí wọ́n gbé lébẹ́ẹ̀lì lé náà kò jọ ilẹ̀ tó wà nínú fọ́tò àkọ́kọ́. Àkáǹtì tó sì ní kí n san owó sí kì í ṣe orúkọ tirẹ̀.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí bàtà ṣì jẹ́ ojúlówó, kó kàn jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ dí?

Oníṣẹ́ Bàtà kọ:

Àbúrò mi, fi í sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí lébẹ́ẹ̀lì yẹn jẹ́ ti ojúlówó tòótọ́, kó jẹ́ pé ti bàtà ẹlòmíràn ni. Ó tiẹ̀ lè má sí bàtà kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó rí àyè ya lébẹ́ẹ̀lì méjì ránṣẹ́ tí kò rí àyè kọ orúkọ sórí bébà, kò sí ìdí tí o fi ní láti máa wá àwíjàre fún un. Orúkọ àkáǹtì tó yàtọ̀ yẹn nìkan tó mí. Kò sẹ́ni tó máa bá ọ gba owó yẹn padà.

Ìròyìn ayọ̀ fún ọ ni pé Panda kì í ṣe bàtà tó ṣọ̀wọ́n. Láti ọdún 2021 tó ti jáde ni Nike ti ń tún un gbé wá sórí igbá léraléra, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "yóò tán lónìí" lé ọ léré. Wọ ìkànnì Nike, kí o tẹ DD1391-100, kí o ní kí wọ́n fi tó ọ létí bí nọ́ńbà ẹsẹ̀ àbúrò rẹ bá dé. Bí o bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù mìíràn, wo orúkọ àwọn tí ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí, kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ tẹ àdírẹ́sì ìkànnì wọn. Má tẹ̀ lé ìpolówó dé ibẹ̀. Káàdì ni kí o fi sanwó, nítorí báńkì lè bá ọ fa owó padà bí ohun tí wọ́n polówó bá yàtọ̀ sí ohun tó dé.

Ọjọ́ tó bá dé, ya fídíò bí o ṣe ń ṣí i, láti ìgbà tí páálí ṣì wà ní dídì. Jẹ́ kí àbúrò rẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ nínú ilé, lórí ilẹ̀ tó mọ́, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má dọ̀tí kó tó dá yín lójú.

Tájù kọ:

Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́, mo sì dúpẹ́. Ìbéèrè kan ló kù. Tó bá jẹ́ pé ayédèrú ti wà lẹ́sẹ̀ mi ńkọ́? Ó bá mi lẹ́sẹ̀ mu, awọ rẹ̀ kò tíì bó. Ṣé ó léwu ni, àbí owó ilé iṣẹ́ ńlá nìkan là ń gbèjà rẹ̀?

Oníṣẹ́ Bàtà kọ:

Ìbéèrè gidi ni, Tájù. Lọ́dún 2022, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò aṣọ àti bàtà ní Amẹ́ríkà, AAFA, kó ayédèrú 47 lọ fún àyẹ̀wò, aṣọ, bàtà àti àwọn nǹkan mìíràn. Mẹ́tàdínlógún nínú wọn ni kò yege. Wọ́n bá òjé, arsenic, cadmium àti àwọn kẹ́míkà ike tó kọjá ààlà nínú wọn. Ara ẹsẹ̀ nìwọ̀nyí ń fara kàn, ẹsẹ̀ sì ń làágùn. Ohun tí èmi fúnra mi rí nínú iṣẹ́ ni ti gìgísẹ̀: àwọn tí mo là tó jẹ́ páálí tàbí fóòmù tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ ló wà lábẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, bẹ́ẹ̀ òde wọn ṣì ń dán. Ẹni tó bá ń fi sáré tàbí tó ń dúró lórí ìdúró láti òwúrọ̀ dé alẹ́, orúnkún ló ń san gbèsè rẹ̀.

Bí o bá ń wọ̀ ọ́ rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ìtòsí, mi ò ní ní kí o sọ ọ́ nù lónìí. Má fi sáré, má wọ̀ ọ́ láìsí ìbọ̀sẹ̀, má sì tà á fún ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí ojúlówó. Bí o bá sì fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ gan-an, yọ tìmùtìmù inú rẹ̀, ya abẹ́ rẹ̀, ya lébẹ́ẹ̀lì ẹsẹ̀ méjèèjì, ya ẹ̀yìn wọn bí mo ṣe ṣàlàyé fún Mopélọ́lá, kí o gbé wọn síbí. Ya wọ́n lójúmọmọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Má lo iná fóònù.